Owó-Orí Tí Èmi Fúnra Mi Sọ Lórúkọ

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, bí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ gbé abọ́ sílẹ̀ ná, kí ẹ̀rín má baà gbé oúnjẹ há yín lọ́fun. Ilẹ̀ Kòríà wa yìí ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó kún fún àwọn ọ̀mọ̀wé. Oṣù gbọọrọ ni wọ́n fi ń jiyàn kí wọ́n tó lè gbé owó-orí tuntun kan kalẹ̀. Èmi Pyo Geum-hui, akọ̀wé lásán, mo gbé tèmi kalẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, kọfí mi kò tíì tutù.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ibi tó já sí.

Ìlú Jecheon ni mò ń gbé, èmi àti ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo, Da-on. Bàbá rẹ̀ ti bá tirẹ̀ lọ láti ìgbà tí ọmọ náà ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Ẹ jẹ́ ká fi í síbi tó wà. Akọ̀wé àgbà ni mí nígbà náà ní ilé ẹ̀kọ́ Òkè Wúrà, níbi tí àwọn ọmọ ti ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde ní ilé-ìwé wọn. Mo ti ṣiṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì rí nígbà ọ̀dọ́ mi, mo sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Nítorí náà, èmi ni mò ń ṣe ògbufọ̀ láàárín ọ̀gá wa àti àwọn tíṣà tó wá láti òkè òkun. Ohun tí mo bá sọ pé wọ́n sọ, òun náà ni wọ́n sọ.

Ọ̀gá Maeng Chi-gyu ni ó ni ilé ẹ̀kọ́ náà. Gẹ̀ẹ́sì tí òun fúnra rẹ̀ gbọ́ kò ju "ẹ káàárọ̀" àti "ó dára gan-an" lọ, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ga ju èèyàn lọ. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ràn jù ni "ìdílé". "Ìdílé kan ni wá níbí!" Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, kí gbogbo òṣìṣẹ́ yáa mọ̀ pé wọn ò ní sinmi lọ́jọ́ Àìkú.

Kíláàsì mẹ́ta la ní: Ẹyẹlé fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, Àwòdì fún àwọn tó ti ń gbìyànjú, àti Idì fún àwọn orí pípé tí òbí wọn lówó. Owó Kíláàsì Idì lóṣù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó-oṣù mi. Ní ìlú wa, bí ìyá méjì bá pàdé, wọn kì í béèrè àlàáfíà ara wọn tán kí wọ́n tó béèrè pé, "Kíláàsì wo lọmọ yín wà?" Èmi tí mò ń kọ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ sínú ìwé, tèmi ń jókòó sídìí ẹ̀rọ fótókópì. Ibẹ̀ ni Da-on ti máa ń tẹ́tí sí Kíláàsì Idì láti ẹ̀yìn ògiri, tí yóò máa sọ ohun tí tíṣà bá sọ tẹ̀ lé e lábẹ́lẹ̀. Ó ń dùn mí wọ egungun.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kejì, ọ̀gá pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ po kọfí fún mi. Ẹ̀rù bà mí.

"Ìyá Da-on, ẹ jókòó."

Ẹ̀rù mi di méjì. Bí ọ̀gá yìí bá ti ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀, ó ní ohun tó ń wá.

"Ẹ wo ìwé owó-oṣù yìí. Tíṣà tuntun kan ń bọ̀ láti South Africa. Mo fẹ́ ká máa yọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún wóònù nínú owó rẹ̀ lóṣooṣù, fún owó-orí."

"Ọ̀gá, iye tí wọ́n ń fún un yìí, owó-orí rẹ̀ kò lè ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì lọ. Ṣebí èmi ni mo máa ń lọ san án."

"Ogójì yẹn ni ti ìjọba." Ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tí ayé ń ni lára. "Ìyókù, ti ìdílé ni. Owó iná ti gbówó lórí. Owó ilé ti gbówó lórí. Ẹ sáà bá mi wá orúkọ kan fún un ní Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ tó wúwo."

Mo fẹ́ sọ fún un pé olè nìyẹn. Ẹ gbà mí gbọ́, mo ti la ẹnu.

Ìgbà náà ni ó rọra wí pé, "Da-on ńkọ́? Mo máa ń rí i nídìí ẹ̀rọ fótókópì. Ọmọ tó ní làákàyè bẹ́ẹ̀, kí ló ń wá nídìí ẹ̀rọ? Àga kan ṣófo ní Kíláàsì Idì. Kó lọ jókòó síbẹ̀ láti ọ̀la. Ẹ kò ní san kọ́bọ̀."

Mo pa ẹnu tí mo là dé. Mo mu kọfí. Mo béèrè kálámù.

"Owó-orí Ìtìlẹ́yìn Ètò Ẹ̀kọ́ Láti Ọwọ́ Àlejò Olùgbé." Ohun tí mo kọ nìyẹn ní Gẹ̀ẹ́sì, mo sì kọ ọ́ ní lẹ́tà ńláńlá. Ọ̀gá ní kí n kà á sí òun létí lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dijú, ó ń mi orí bí ẹni ń gbọ́ orin.

"Ó dùn létí," ó wí. "Ó ń dún bí ìjọba gan-an."

Lọ́jọ́ kejì, Da-on wọ Kíláàsì Idì. Ó gbé àpò rẹ̀ sí àyà bí ẹni tó gbé ẹyin. Nígbà tó jáde, ó fò mọ́ mi lọ́rùn, ó ní, "Màmá, àwọn àga ibẹ̀ ní tìmùtìmù!" Inú mi dùn débi pé n kò rántí owó ta ni wọ́n fi ra tìmùtìmù ọ̀hún.

Ẹni tó ni owó náà dé ní oṣù kẹta. Zoleka Dyantyi ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, láti ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Komani. Òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Mo bọ́ ẹ̀wù òtútù mi kan fún un, mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tan iná abẹ́ ilẹ̀ tó ń mú yàrá móoru. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Ó ní ìjì ti ṣí ìdajì òrùlé ilé ìyá òun lọ, páànù tí wọ́n fi òkúta tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni màmá náà ń sùn sábẹ́ rẹ̀. Ó ti ṣírò rẹ̀: ọdún kan péré ní Jecheon, òrùlé tuntun, ó parí.

Ọjọ́ tó gba owó-oṣù àkọ́kọ́, ó mú ìwé wá bá mi nídìí tábìlì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ni èyí? Wọ́n ti yọ owó-orí níbí. Wọ́n tún wá yọ òmíràn nísàlẹ̀."

"Ti ẹ̀kọ́ ni. Gbogbo àlejò tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ló ń san án. Ìjọba fi ń tún ilé-ìwé ṣe ní abúlé."

"Ó mà pọ̀ o."

"Ó pọ̀ lóòótọ́. Èmi náà ti ń bá wọn jà lórí rẹ̀."

Ẹ wo ẹnu mi! Kì í ṣe pé mo purọ́ nìkan, mo tún fi ara mi ṣe ajàfẹ́tọ̀ọ́ sí i. Zoleka wo ìwé náà títí, ó wá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kò burú. Bó bá jẹ́ ti àwọn ọmọdé, kò burú." Ó ká a, ó fi sí àpò. Ìtìjú ìbá pa mí, ṣùgbọ́n aago mẹ́rin ti lù, mo sì fẹ́ lọ wo Da-on láti ojú fèrèsé Kíláàsì Idì.

Ẹni tó bá rí adùn ìṣáájú kì í tètè kúrò nídìí oyin. Nígbà tó di oṣù kẹfà, ọ̀gá fi owó-orí mi kan Corey náà, tíṣà ará Kánádà tó ti wà pẹ̀lú wa tipẹ́. Corey kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé tù nínú. Ó já wọ ọ́fíìsì, ó gbá ìwé mọ́ tábìlì mi.

"Ọ̀rẹ́ mi ń kọ́ni ní Wonju. Iye kan náà ni owó wa. Ogójì péré ni wọ́n ń yọ lọ́wọ́ tirẹ̀! Kí ló dé tí tèmi fi tó ọ̀ọ́dúnrún?"

Wonju kò jìnnà, ọkọ̀ ojú irin á gbé ọ débẹ̀ kí o tó jẹ ẹ̀pà tán. Mo ronú kíá.

"Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni Wonju wà," mo wí. "Orí òkè ni Jecheon. Owó-orí ibi òkè yàtọ̀."

Corey wò mí. "Ṣé owó-orí náà máa ń gun òkè ni? Ṣé òtútù ń mú un, ló fi wú?"

"Òfin ìlú wa ni mo sọ fún ọ."

"Ó dáa. N ó lọ bi wọ́n ní ọ́fíìsì owó-orí lọ́la, n ó sì mú Zoleka dání."

Ta ló gbà mí sílẹ̀? Zoleka ni. Ó jáde wá láti yàrá àwọn tíṣà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ojú rẹ̀ le koko.

"Corey, jọ̀ọ́, má fi ẹ̀gbọ́n mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀wù ara rẹ̀ ló bọ́ wọ̀ mí. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè fojú mi gbolẹ̀."

Corey rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn. Ó ní, "Ọjọ́ tí ojú rẹ bá là, rántí mi." Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Vietnam, kò tilẹ̀ dúró gba owó-oṣù ìkẹyìn. Ọ̀gá ní ìwà àwọn aláìnídìílé nìyẹn.

Zoleka wá ń ṣe iṣẹ́ ẹni méjì. Síbẹ̀, lọ́sàn-án, nígbà tí àwọn yòókù bá lọ jẹun, ó máa ń pe Da-on, ọjọ́ tí kò bá sí ilé-ìwé, wọ́n á jọ pín oúnjẹ, á sì máa kọ́ ọ sí i. Kò gba nǹkan kan. Ó ní ọmọ náà ní etí. "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yín kì í fo ọ̀rọ̀. Bó bá ń túmọ̀ nǹkan, á túmọ̀ rẹ̀ tán pátápátá." Mo gbéra ga. Nínú lífítì ilé wa, bí obìnrin méjì bá wọlé, n ó ní, "Da-on, bi mí ní Gẹ̀ẹ́sì bóyá òjò máa rọ̀." Ojú ọ̀run lè mọ́ kedere, Da-on á bi mí bóyá òjò máa rọ̀.

Ọdún pé. Owó òrùlé kò pé. Zoleka jókòó síwájú mi, ó ń ṣírò, ó ń ṣírò.

"N kò mọ ibi tí owó náà gbà lọ, ẹ̀gbọ́n. N kì í mutí. N kì í ra aṣọ."

"Jecheon wọ́n," mo wí.

"Àfi kí n tún fọwọ́ sí ọdún kan sí i. Màmá mi ní kò burú, òjò ọdún yìí kò le púpọ̀."

Mo fún un ní ìwé, ó fọwọ́ sí i. Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Ó dùn mí títí di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí Da-on gba ipò kejì ní Kíláàsì Idì.

Ìparí oṣù kọkànlá, àsìkò tí gbogbo ilé máa ń po kimchi, kábéèjì oníyọ̀ tí a fi ata pò, tí a ó jẹ nígbà òtútù. Ọ̀gá Maeng ní èrò kan. "Ìdílé gidi a máa po kimchi pọ̀! A ó ra igba orí kábéèjì. Àwọn tíṣà á po ó, àwọn ìyá ọmọ á po ó, n ó ya àwòrán wọn, n ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ìyá Da-on, ẹ pe àwọn ìyá tó lórúkọ."

Èmi ni mo kọ orúkọ wọn. Ẹni tí mo kọ́kọ́ kọ ni Ìyá Hae-jun, nítorí ọmọ rẹ̀ ló ń gba ipò kìíní, ibi tó bá lọ sì ni àwọn ìyá yòókù ń lọ. Nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọmọ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti béèrè iṣẹ́ òbí, ó kọ "òṣìṣẹ́ ìjọba". Ní ilẹ̀ wa, ìdáhùn tó pé nìyẹn. Ẹni tó bá ti kọ "òṣìṣẹ́ ìjọba", gbogbo èèyàn á máa sáré fún un ní àga tó dára, ẹnikẹ́ni kì í béèrè pé ọ́fíìsì wo. Mo rò pé níbi igbó àti igi gbígbìn ni.

Ọjọ́ náà pé, Sátidé, oòrùn ràn ṣùgbọ́n kò móoru. A tẹ́ rọ́bà sí àgbàlá ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́, a jókòó yí agbada ńlá ká. Kábéèjì oníyọ̀ jọ gègèrè. Ata gígún pupa, áyù, ẹja wẹ́wẹ́. Gbogbo wa wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà dé ìgúnpá. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ń hó lórí iná, ọtí ìrẹsì ń lọ yípo, àwọn ìyá ti ń fi ọkọ ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Mo jókòó láàárín Zoleka àti Ìyá Hae-jun. Da-on wà ní òdìkejì, ó ń bó áyù.

"Ìyá Da-on, ẹ bá mi sọ fún Tíṣà pé ó mọ kimchi í pò ju èmi lọ," ni Ìyá Hae-jun wí. "Bí n bá ní ọmọkùnrin tó ti dàgbà, n bá ti fẹ́ ẹ fún un lónìí."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Zoleka rẹ́rìn-ín títí ata fi ta sí i nímú.

"Ẹ bi í, ìgbà wo ló ń lọ sílé? Ojú ìyá rẹ̀ á ti pọ́n."

Zoleka ní, "Ó kù díẹ̀. Òrùlé ìyá mi ni mò ń lé. N bá ti lọ láti oṣù kẹta, owó-orí yín ló ga."

Mo túmọ̀ òrùlé. Mo fi owó-orí sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọdún méjì kì í ṣe ọjọ́ méjì. Zoleka ti ṣa èdè wa díẹ̀díẹ̀ ní ọjà àti ní ibùdókọ̀. Ó rí i pé Ìyá Hae-jun kò rẹ́rìn-ín síbi tó yẹ, ó bá sọ ọ́ fúnra rẹ̀ ní èdè wa: "Owó-orí!" Ó na ìka mẹ́ta tó pọ́n fún ata. "Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún! Oṣù kan! Fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ!" Ó fi ọwọ́ lu àyà, inú rẹ̀ ń dùn. Ọmọ yìí ń fi owó-orí mi yangàn.

Ọwọ́ Ìyá Hae-jun dúró sínú kábéèjì.

"Ọ̀ọ́dúnrún kẹ̀? Lóṣù? Ìyá Da-on, ẹ bi í dáadáa: kí ni wọ́n ń pe owó-orí yẹn? Ọdún kẹrìnlá mi nìyí ní ọ́fíìsì owó-orí, n kò gbọ́ ọ rí."

Ẹ̀yin òǹkàwé, òṣìṣẹ́ ìjọba! Kì í ṣe ti igi gbígbìn. Ti owó-orí. Èmi ni mo sì pè é, mo tún fún un ní ìbọ̀wọ́.

Mo yíjú sí Zoleka, mo rẹ́rìn-ín músẹ́. "Wọ́n ní ṣé ata kò ta ọ́ lójú?"

"Rárá o! Ata ilé wa ju èyí lọ."

Mo yíjú sí Ìyá Hae-jun. "Ó ní owó ilé tó ń gbé ni. Ó ṣi orúkọ rẹ̀ pè."

Mo rò pé ó ti bọ́ sí i. Da-on bá gbé ojú sókè nídìí áyù.

"Màmá, ìyẹn kọ́ ni Tíṣà sọ."

"Bó áyù rẹ."

"Ṣùgbọ́n ẹ ṣì í túmọ̀, Màmá. Ọ̀rọ̀ ata ni Tíṣà sọ." Ní Kíláàsì Idì, wọ́n ti kọ́ wọn pé bí ẹnì kan bá ṣe àṣìṣe, kí wọ́n tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó dáadáa, ó kọjú sí Zoleka, Gẹ̀ẹ́sì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lẹ́nu rẹ̀ bí omi: "Tíṣà, wọn kò bi yín nípa ata. Wọ́n ní kí ni orúkọ owó-orí tí wọ́n ń yọ lọ́wọ́ yín. Wọ́n ní ọdún kẹrìnlá àwọn nìyí ní ọ́fíìsì owó-orí, àwọn kò gbọ́ ọ rí."

Kò fo ọ̀rọ̀ kan. Bó bá jẹ́ ìdánwò ni, gbogbo máàkì ni ì bá gbà. Ó sì wá wo ojú mi, ó ń retí kí inú mi dùn.

Wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Èmi kọ́ tèmi o. Èyí tí mo kọ́ yìí náà ló gbé mi tà, lójú agbo, pẹ̀lú ìdẹ̀rùn.

Zoleka pe orúkọ owó-orí náà láti orí wá, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Inú ìwé owó-oṣù mọ́kànlélógún ló ti kà á. Da-on túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ìyá: Owó-orí Ìtìlẹ́yìn Ètò Ẹ̀kọ́ Láti Ọwọ́ Àlejò Olùgbé. Obìnrin méjì kan bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Hae-jun kò rẹ́rìn-ín.

Àsìkò yẹn gan-an ni ọ̀gá jáde pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́rùn.

"Ó yá, ìdílé mi! Gbogbo yín, ẹ wo ibí. Ẹ pariwo: kimchi!"

Ẹnikẹ́ni kò pariwo.

"Kimchi!" ó tún wí, òun nìkan, ó ń fi eyín hàn.

Ìyá Hae-jun bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ní ìka kọ̀ọ̀kan. "Ọ̀gá Maeng, ẹ gbé kámẹ́rà sílẹ̀. Owó-orí tí ẹ ń gbà lọ́wọ́ Tíṣà yìí, ìjọba wo lẹ ń san án fún?"

Ọ̀gá wò mí. Mo wo ilẹ̀.

"Akọ̀wé ni!" Ó na ìka sí mi. "Ìwọ obìnrin yìí, ṣé ìwọ kọ́ lo kọ ọ́? Ohun tó kọ ni mo fọwọ́ sí. Èmi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì!"

Àwọn ìyá wo ara wọn lójú. Ọdún kọkànlá nìyí tí wọ́n ti ń sanwó fún ọkùnrin yìí, èyí sì ni òtítọ́ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ìyá kan wí jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ gbọ́ ohun tó sọ?" Ọ̀gá fi sálúbàtà ilé sáré gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó bọ́ sínú ọkọ̀, ó lọ. Kábéèjì rẹ̀ wà níbẹ̀, ìdílé rẹ̀ wà níbẹ̀.

Zoleka kò tilẹ̀ wo ọ̀nà tí ọ̀gá gbà lọ. Èmi ló ń wò. Ó bi mí ní ìbéèrè kan, ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo gbọ́ ọ. Mo ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó bí Da-on. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti wọ inú iṣẹ́, ó kọjú sí mi, ó túmọ̀ rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn:

"Màmá, Tíṣà ní, ṣé ẹ̀yin lẹ... sọ ọ́ lórúkọ?"

Láàárín gbólóhùn náà ni ohùn rẹ̀ ti yí padà. Mo rí i tó yé e.

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo wí.

Èyí nìkan ni Da-on kò túmọ̀.

"Nítorí kí ni, ẹ̀gbọ́n?" Zoleka béèrè.

Ojú mi fúnra rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Da-on, kí n tó lè dá a dúró. Zoleka tẹ̀ lé ojú mi. Kò nílò ògbufọ̀ kankan. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fi lé etí agbada, ó wọlé lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ké e kúrú. Ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn òṣìṣẹ́ pè mí lẹ́ẹ̀mẹta. Mo kó ìwé mọ́kànlélógún náà lọ, mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan kọfí. Wọ́n mú ọ̀gá, ó sì dá owó Zoleka padà. Ó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún wóònù. Òkè Wúrà ti kógbá sílé, adìyẹ díndín ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí. Èmi ń di ewé àti egbò sínú àpò ní ilé iṣẹ́ kan lẹ́yìn ìlú, níbi tí n kò ti nílò èdè kankan. Àwọn obìnrin inú lífítì kì í bi mí nípa kíláàsì mọ́.

Ọjọ́ tí Zoleka ń lọ, ó wá sílé wa. Mo ti ń se oúnjẹ láti àárọ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò bọ́ bàtà. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí kò bá bọ́ bàtà kò ní wọlé nìyẹn. Ẹ̀wù òtútù mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti fọ̀ ọ́, ó ká a, ó gbé e lé orí àpótí bàtà. Ó gbá Da-on mọ́ra, ó pẹ́. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sétí ara wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, n kò sì gbìyànjú láti gbọ́.

Lẹ́yìn náà ó wò mí. "Ó dàbọ̀, Ìyá Da-on."

Ìyá Da-on. Kò pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Mo ti gbọ́ èébú rí láyé mi, kò sí èyí tó wọ̀ mí lára bí orúkọ ara mi lọ́jọ́ yẹn. Mo wọlé, mo sunkún sórí ẹ̀wù náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ, bí ẹ bá fẹ́ purọ́, ẹ má fi èrè irọ́ náà kọ́ ọmọ ní ohun tó lè fi tú yín fó. Ìmọ̀ràn àwọn òmùgọ̀ nìyẹn. Ti ọlọgbọ́n ni pé kí ẹ má purọ́ rárá, ṣùgbọ́n ta ló máa gbọ́ ọ lẹ́nu mi?

Da-on kò bá mi jà. Ì bá jẹ́ pé ó bá mi jà ni, n bá mọ ibi tí n ó gbà bẹ̀ ẹ́. Ó ń jẹun, ó ń fọ abọ́, ó ń kí mi láàárọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, màmá mi pè láti abúlé, Da-on ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé lórí tábìlì. Nígbà tí mo gbé fóònù kúrò létí, mo sọ fún un pé, "Ìyá àgbà ní kí n kí ọ. Wọ́n ní àárò rẹ ń sọ àwọn."

Ó gbé ojú sókè, kò bínú, ohùn rẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Màmá, ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí gan-an?"

Màmá mi kò tíì pa fóònù tirẹ̀. Mo na fóònù náà sí Da-on, kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́.